Òyìnbó Kọ́ Wa Níṣẹ́ Nọ́ọ̀sì, Wọ́n Kọ́ Wa Níṣẹ́ Dókítà: Ta Ló Wá Kù Tó Máa Gbẹ̀bí Ará Ìpakodò?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ètò ìlera ṣe ń lọ nílẹ̀ yìí, kò dìgbà tó bá dé Abuja. Kó jí ní ìdájí, kó lọ dúró létí ọ̀sà ní Ìpakodò, n'Íkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀ ò ní tí ì mọ́ tán táwọn òṣìṣẹ́ á ti tò lọ gbọọrọ, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn sọdá sí Fálómọ̀ tàbí CMS, torí wọn ò fẹ́ kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Mile 12 ba ọjọ́ wọn jẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, tíṣà wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ò gbẹ́yìn. Ìkòròdú ló ń sùn, ọsibítù tó wà lódì kejì omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ṣì dáa, torí bó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà wálé. Èyí tó ń dun àwọn èèyàn ni ti nọ́ọ̀sì tó gba pápákọ̀ òfuurufú lọ, tí kò sẹ́ni tó mọ ìrọ̀lẹ́ tó máa padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìdájí sílẹ̀, ká mú ti òru. Ká ní aago méjì òru ti lù, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní Ìpakodò. Ọkọ rẹ̀ á sáré jáde lọ wá Márúwá, ìyá ọkọ á di ẹrù ìkúnlẹ̀, ó di sẹ́ńtà ìlera tó bá wà nítòsí. Bọ́rọ̀ bá ju ti sẹ́ńtà lọ, ó di Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń ro ti ilé aláràbarà tàbí ẹ̀rọ olówó ńlá. Àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: kí ẹni tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀ tó máa ṣílẹ̀kùn. Torí ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín wákàtí méjì péré, ó lè gbẹ̀mí ìyá ọmọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró kì í ṣe nǹkan ọ̀wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó gún un.

Ta ló kọ́ ẹni tó ni ọwọ́ yẹn níṣẹ́? Ta ló sanwó ẹ̀? Níbo ló sì máa wà lọ́dún márùn-ún sí àkókò yìí? Ohun tí ìtàn yìí dá lé nìyẹn o, ó sì ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún táwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ń bá tiwa da ọwọ́ pọ̀ láti kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà. Èrè wà níbẹ̀, àdánù náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ìtàn ọ̀hún dáadáa á rí ohun tó jẹ́ kí àwọn kan nínú ìdàwọ́pọ̀ yẹn so èso, tí òmíràn sì dà bí ẹní pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Èkó tó lọ, tó sì padà wá

Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ ìtàn yìí tí wọn ò ní dárúkọ Kofoworọlá Abẹ̀ní Pratt. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1915, Scott lorúkọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, àmọ́ bàbá ò fẹ́. Láyé ìgbà yẹn, òyìnbó obìnrin ló ń ṣe ọ̀gá nínú àwọn ọsibítù ńlá ìjọba, kì í sì í ṣe gbogbo òbí ló fẹ́ kọ́mọ òun lọ máa ṣe ọmọọ̀dọ̀ níbẹ̀. Ni Kofoworọlá bá gba ìdí iṣẹ́ tíṣà lọ, ó sì kọ́ àwọn ọmọ níléèwé CMS tàwọn obìnrin l'Ékòó.

Ẹni tí nǹkan wù kì í gbàgbé. Ọkọ tó fẹ́, Olú Pratt, apòògùn ni kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó. Lọ́dún 1946, ìyàwó náà forí lé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ iléèwé nọ́ọ̀sì tó wà lọ́sibítù St Thomas', èyí tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ lọ́dún 1860. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NHS lóṣù keje ọdún 1948, ọmọ Èkó yìí wà lára àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn tiẹ̀ sọ pé òun gan-an ni àkọ́kọ́.

Kì í ṣe pé wọ́n tẹ́ ẹní fún un o. Aláìsàn kan wà tó fárígá pé nọ́ọ̀sì dúdú ò ní fọwọ́ kan òun. Kofoworọlá ò torí ìyẹn palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí kún un, ó kọ́ nípa àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí wọ́ọ̀dù. Lọ́dún 1954, ó padà sílé, ó dara pọ̀ mọ́ UCH n'Íbàdàn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1965, ó ti di métírọ̀n ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá pátápátá fáwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀.

Ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ náà jẹ nínú ẹ̀. Lọ́dún 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìlú méjèèjì bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1973, Kofoworọlá Pratt ni wọ́n mú ṣe kọmíṣánnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1975. Ọdún 1973 yẹn kan náà làjọ Red Cross àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún 1992 ló dolóògbé.

Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ka ìtàn obìnrin yìí ṣáájú ni pé òun ló fi hàn pé ẹni kan ṣoṣo tó lọ kọ́ṣẹ́ lókèèrè lè di igba, tó bá padà wá kọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ kọ́ ẹlòmíràn, àwọn yẹn náà tún kọ́ àwọn mìíràn.

Ìgbà tí Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa n'Íbàdàn

Kó tó di ọdún 1948, ẹni tó bá fẹ́ di dókítà gidi, tí gbogbo ayé máa gbà pé dókítà ni, ó di dandan kó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Edinburgh tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Lóòótọ́, ìjọba òyìnbó ti dá iléèwé ìṣègùn kan sílẹ̀ ní Yàbá lọ́dún 1930, àmọ́ wọn ò ka àwọn tó jáde níbẹ̀ kún ẹgbẹ́ dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igbákejì dókítà ni wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi í sí. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí ìdánwò, Lọ́ńdọ̀nù ló ni ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà á ka ìdajì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn, wọ́n á sì lọ fi ìdajì kejì kọ́ iṣẹ́ lórí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, torí kò tí ì sí ọsibítù tó tóbi tó nílé.

Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀nù, àìsàn ará Lọ́ńdọ̀nù lojú ẹ̀ máa mọ̀: ikọ́ ìgbà òtútù, àìsàn àwọn arúgbó. Ibo ló ti máa rí ọmọ tí ibà ń mú gìrì? Ibo ló ti máa rí ipá lára ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé ìwọ́ ẹ̀? Ọmọ tí èéyi ti sọ di egungun ńkọ́? Ilé wa laláìsàn wọ̀nyí wà.

Ìdí nìyẹn tí UCH fi ṣe pàtàkì. Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ọsibítù ńlá náà. Nígbà tó di ọdún 1960, ọdún tá a gbòmìnira gan-an, àwọn dókítà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin n'Íbàdàn jáde. Lọ́dún 1962, yunifásítì náà kúrò lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ó di òmìnira. Ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nọ́ọ̀sì gboyè dìgírì níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ látọ̀dọ̀ àwọn àjọ àgbáyé àti Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá péré, ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ ti ń dá rìn. Ìdàwọ́pọ̀ tó dáa nìyẹn: ó mọ ìgbà tó yẹ kóun jọ̀wọ́ ọmọ kó máa lọ.

Káàdì tó ti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ gbogbo ayé

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan là ń gba ẹ̀kọ́. Òyìnbó náà gba tiwọn lọ́wọ́ wa. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó ń gbọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ló mọ káàdì tí wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni gbòǹgbò káàdì yẹn wà.

Dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley dé ọsibítù Wesley Guild, n'Íléṣà, lọ́dún 1956, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ni ọsibítù náà nígbà yẹn. Èrò tó ń gbọ́mọ wá pọ̀ débi pé dókítà kan tàbí méjì ò lè rí gbogbo wọn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọn ò jókòó máa retí pé kí òyìnbó fi dókítà púpọ̀ sí i ránṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìlú níbẹ̀ láti máa yẹ ọmọ wò fúnra wọn, kí wọ́n máa fún un ní oògùn, kí wọ́n máa bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kó sì jẹ́ pé ọmọ tí tiẹ̀ bá le nìkan ni wọ́n á gbé lọ bá dókítà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ṣọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú ló ń para pọ̀ pa àwọn ọmọ tí wọn ò tí ì pé ọdún márùn-ún.

Káàdì ìwọ̀n náà, ọwọ́ ìyá ọmọ ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ ọsibítù. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ìyá ló ni ọmọ, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bí ọmọ bá ń rù. Lẹ́yìn tí Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1961, ó gbé ohun tó kọ́ n'Íléṣà lọ síwájú gbogbo ayé. Lọ́dún 1965, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ TALC, tó ń ta ìwé àti àwòrán ẹ̀kọ́ ní owó pọ́ọ́kú fáwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ọdún 2009 ló kú. Nítorí náà, bí ìyá ọmọ kan ní Ẹ̀pẹ́ bá yọ káàdì ọmọ ẹ̀ nínú báàgì lónìí, ó yẹ kó mọ̀ pé àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ló ṣe ìyá fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó lọ gbé lábúlé

Ohun tó tún ń yọ àwọn ọ̀gá lẹ́nu nígbà náà ni pé dókítà tí wọ́n kọ́ nínú ọsibítù ńlá kì í fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lóko. Bẹ́ẹ̀, oko làwọn èèyàn pọ̀ sí. Lọ́dún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò kan n'Íbàràpá, Ìgbò-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùdó, Rockefeller Foundation sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn á kó ẹrù wọn, wọ́n á lọ gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n á wo ibi tí àwọn èèyàn ti ń pọnmi, wọ́n á wo ibi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí, wọ́n á mọ bí aboyún ṣe ń rin ọ̀nà jíjìn kó tó débi tó ti máa rí ìtọ́jú. Owó òyìnbó wà níbẹ̀, àmọ́ ará Ìbàràpá gan-an ni tíṣà.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Eldryd Parry, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́ fún ẹ̀ka ìṣègùn wọn láàárín ọdún 1977 sí 1980. Parry kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí, ó ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ó sì ti lo bí ọdún mẹ́jọ ní Zaria. Ètò tí wọ́n ń pè ní COBES ni wọ́n gbé kalẹ̀ n'Ílọrin: akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ gbé láàárín ìlú kéékèèké láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde.

Parry padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ní Gánà náà. Lọ́dún 1988, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní THET. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni pé kó máa so ọsibítù tàbí iléèwé ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n jọ máa kọ́ra wọn níṣẹ́. Òfin kan ló wà nídìí ẹ̀ tó jọni lójú: kì í ṣe òyìnbó ló máa sọ ohun tó fẹ́ wá kọ́ wa, àwa la máa sọ ohun tá a fẹ́ kọ́. Ọkùnrin náà kú lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ "ta ló ń sọ ohun tá a fẹ́" yìí náà ló wà nínú ètò MEPI tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010. Mílíọ̀nù 130 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún, fún iléèwé ìṣègùn 13 nílẹ̀ Áfíríkà. Tẹ́lẹ̀, yunifásítì Amẹ́ríkà ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá, wọ́n á ti bu tiwọn kó tó délé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ iléèwé Áfíríkà gan-an ni wọ́n fi í sí. Ìbàdàn ló gbà á fún Nàìjíríà, iléèwé ìṣègùn Yunifásítì Èkó tó wà n'Ídí-Àràbà sì wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe é.

Kò tiẹ̀ di dandan kó jẹ́ òyìnbó la máa bá da ọwọ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1960, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàdé n'Íbàdàn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di West African College of Surgeons, tí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Yàbá. Ọmọ Gánà, ọmọ Sàró, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, àtàwa náà, ìdánwò kan náà la jọ ń ṣe, yálà Gẹ̀ẹ́sì lẹni náà ń sọ tàbí Faransé. Ẹni tó bá yege nínú ẹ̀ ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ láì jẹ́ pé ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rárá.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kí ló wá dé tí nọ́ọ̀sì fi wọ́n? Ìdáhùn ẹ̀ ò jìnnà: a ń kọ́ wọn, wọ́n ń lọ. Èyí kì í ṣe tuntun o. Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ lọ́dún 1986, ọ̀pọ̀ dókítà wa ló kó lọ sí Saudi Arabia. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní jápa yìí, ó ju ti ìgbà yẹn lọ. Lọ́dún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ju 10,000 lọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí wọ́n fi ń kọ́ dókítà kan ju 21,000 dọ́là lọ.

Ẹ bá wa wò ó o. Láyé Kofoworọlá Pratt, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọmọ wa níṣẹ́, tó sì padà wá tọ́jú wa. Láyé ìsinsìnyí, àwa là ń kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ tán, tó ń lọ tọ́jú ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta wá ló ń ran ta lọ́wọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Lóṣù karùn-ún ọdún 2010, gbogbo orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan pé káwọn olówó má ṣe máa lọ ṣa òṣìṣẹ́ ìlera nílẹ̀ àwọn tí tiwọn ò tó. Lọ́dún 2023, WHO gbé orúkọ orílẹ̀-èdè 55 jáde tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, Nàìjíríà sì wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e pé àwọn ò ní máa wá polówó iṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ihò wà lára odi náà: àdéhùn ò dí ẹni tó bá fúnra ẹ̀ kọ̀wé, tó ṣèdánwò, tó sì wọ bàálù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti so ọmọlọ́mọ mọ́lẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú àtiso wọ́n mọ́lẹ̀ náà. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, àbádòfin tí Ọnarébù Ganiyu Johnson, ọmọ ilé aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Èkó, gbé wá pé kí dókítà kọ́kọ́ sin ilẹ̀ yìí fọ́dún márùn-ún kó tó gba ìwé àṣẹ tó pé, kọjá ìpele kejì. Àwọn dókítà fárígá, ọ̀rọ̀ di yánpọnyánrin. Lóṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé kí wọ́n tó bá a fìdí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ múlẹ̀ fáwọn òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé pátákó, wọ́n jáde síta.

Ká sòótọ́ ká kú, tiwọn náà lẹ́tìí. Nọ́ọ̀sì kan á wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, aláìsàn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì mẹ́ta máa tọ́jú á wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá di òpin oṣù, owó oṣù á dé, owó ilé á gbà á, owó ọkọ̀ á gba ìyókù. Ẹni tó ní ọmọ níléèwé, tó ní ìyá nílé, tó rí ibi tí wọ́n ti máa sanwó tó jọjú fún un, ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Àmọ́ ìyá tó ń rọbí ní Ìpakodò láago méjì òru náà ò jẹ̀bi. Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyẹn: ẹni tó lọ jàre, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ náà jàre.

Ohun tó yẹ ká máa bi wọ́n

Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ sókèèrè. Wọn ò sọ níbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má lọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kó òṣìṣẹ́ wa bá wa ṣe àdéhùn, kó bá wa kọ́ àwọn tó máa rọ́pò wọn, kí ọ̀nà àbọ̀ sì rọrùn fáwọn tó bá fẹ́ padà wálé. Ìjọba tún sọ pé àwọn ti fẹ iye àwọn tó lè wọ iléèwé ìṣègùn, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó jọ ọ́ lójú lọ́dọọdún, láti 28,000 sí 64,000.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè kan: ta ló máa kọ́ àwọn 64,000 náà? Nọ́ọ̀sì tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó mọ bí ojú aláìsàn ṣe máa ń rí kọ́rọ̀ tó bẹ́yìn yọ, òun lòkèèrè ń wá. Bí tíṣà bá jápa, kíláàsì tí wọ́n kọ́, òfìfo ni.

Ibẹ̀ ni ìtàn àtijọ́ ti wúlò. UCH so èso torí pé wọ́n gbé ẹ̀kọ́ wá bá aláìsàn nílé. Iléṣà so èso torí pé nọ́ọ̀sì ìlú ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìgbò-Ọrà àti Ìlọrin so èso torí pé akẹ́kọ̀ọ́ rí ilé ẹni tó máa tọ́jú kó tó gboyè. Nínú gbogbo wọn, òyìnbó wá, ó sì lọ, àmọ́ kò kó ilé lọ. Ó fi tíṣà sílẹ̀.

Nítorí náà, táwọn àlejò bá tún dé sí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n gbé bánà kọ́, tí wọ́n wọ fáńnẹ̀ẹ̀lì kan náà, tí wọ́n ń fún èèyàn lóògùn àti awò ojú fún ọ̀sẹ̀ kan, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Inúure ni. Ṣùgbọ́n káwọn baálẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀, àwọn ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò má tijú láti bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta lẹ kọ́ níṣẹ́ nínú àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà wa? Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀ wá wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe? Ta ló sọ fún yín pé ohun tá a nílò rèé? Àlejò tí kò bá rí ìkankan dáhùn nínú ẹ̀, ọdún ló wá bá wa ṣe.

Kí ìjọba náà má sì rò pé ti òkèèrè nìkan ni. Àdéhùn tó dáa jù láyé ò lè dá nọ́ọ̀sì dúró síbi tí kò sí iná, tí kò sí ibùgbé, tí owó oṣù ò tó jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ kí agbẹ̀bí sùn ní Ìpakodò, kó wá ibi tó máa sùn sí fún un. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí lóòótọ́, àmọ́ orí tiwa la fẹ́ gbé igbá ọ̀hún lé, àwa ló sì yẹ ká fi ọwọ́ kìíní dì í mú.

Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù tí agbè ò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Lóòótọ́, omi ti dànù púpọ̀. Ṣùgbọ́n UCH ṣì wà, Ídí-Àràbà ṣì wà, àwọn iléèwé nọ́ọ̀sì wa ṣì ń kọ́ ọmọ. Agbè ò tí ì fọ́. Lálẹ́ òní, obìnrin kan lè máa rọbí létí ọ̀sà n'Íkòròdú, kí ọkọ ẹ̀ sì ti sáré jáde lọ wá Márúwá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n bá ẹni tó mọṣẹ́ níbẹ̀, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹnì kan á dáhùn.